Bí A Ṣe Ń Sọdá Ebè Omi Lẹ́yìn Ọkọ̀: Fún Ẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà Lórí Síkíì

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ìgbà ooru kan tí mo fi tẹ̀lé ọkọ̀ ojú omi láàrin gbùngbùn, tí mi ò yà sọ́tùn-ún, tí mi ò yà sósì. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìde lórí síkíì, ìyẹn pákó gígùn méjì tí à ń kì bọ ẹsẹ̀ kí ọkọ̀ lè fi okùn fà wá lórí omi, mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo rí omi funfun tó wú sókè yẹn, orúnkún mi á le gbagidi, n ó sì rọra padà sáàrin. Ẹ̀gbọ́n tó ń wa ọkọ̀ fún mi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti dé Minnesota ní Amẹ́ríkà tipẹ́ ṣáájú mi, pa ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ kan, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣì máa wò ó ná."

Ó ní, "Láti oṣù kẹfà lo ti ń wò ó."

Ohun tí mò ń wò nìyí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí omi, ìdí rẹ̀ a máa la omi sí méjì. Omi náà á wú lọ́tùn-ún àti lósì, á sì máa fẹ̀ bí ó ṣe ń jìnnà sí ọkọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ebè ni mo ń pè é, torí bí ebè ló ṣe rí gẹ́lẹ́: ebè méjì, poro kan láàrin. Inú poro ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkíì máa ń wà. Bí ẹ bá sọdá ebè, omi tó wà lóde dán bíi dígí, ó sì tu ẹsẹ̀ lára ju inú poro lọ, nítorí omi tí ẹ́ńjìnnì ti rú kì í dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbádùn síkíì wà. Ebè yẹn nìkan ló dí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá wà lórí síkíì tí ẹ̀yin jókòó sínú ọkọ̀, ẹ fara balẹ̀ wo ebè náà. Lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún síkíì, kì í sábà ga dé orúnkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí síkíì ti lóṣòó, ojú rẹ̀ ti sún mọ́ omi, ebè náà sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdúró. Ìyẹn ló ṣe ń dà bí ògiri.

Ohun tó ń gbéni ṣubú gan-an

Kì í ṣe ebè. Dídúró lórí ebè ni. Ẹni tó bá ń rọra gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lókè, èkejì á ṣì wà nínú poro. Síkíì méjèèjì ò sí lórí omi kan náà mọ́: ọ̀kan fẹ́ yọ̀ lọ síta, èkejì fẹ́ yọ̀ padà sínú. Ẹsẹ̀ á ya, tàbí kí síkíì gun ara wọn, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá fi eré dojú kọ ọ́, síkíì rẹ̀ méjèèjì á ti kọjá kó tó ṣẹ́jú. Ṣé ẹ rántí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì ní Mushin? Ẹni tó bá lọ dúró létí rẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, tó wá ń rò ó, òun ló ń bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà. Ẹni tó ti sáré díẹ̀ wá kì í tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ló ń sọ wá di ẹni tó ń rọra. Nǹkan mẹ́ta ni mo ti rí tí ó ń fi ara ènìyàn ṣe: ó ń na orúnkún, ó ń fa ìdìmú okùn wá sí àyà, ó sì ń mú kí ojú wo omi tó wà ní ṣóńṣó síkíì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló burú. Orúnkún tó nà gbọnrangandan kò lè gba ebè mọ́ra, ńṣe ni ebè á ta á sókè. Okùn tí ẹ bá fà wá sí àyà á kọ́kọ́ dẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á gbà á padà lójijì, á sì fà yín délẹ̀ níwájú. Ojú tó bá wo omi, orí á tẹ̀lé e, ara á tẹ̀lé orí. Nítorí náà èmi kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má bẹ̀rù. Mo máa ń ní kó tẹ orúnkún, kó fi ìdìmú sí ìbàdí, kó wo igi tó wà létí omi. Ara ni à ń kọ́. Bí ara bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á rọlẹ̀ bó bá yá.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ebè di kékeré

Ìwà ojo kọ́ ni láti gé ebè kúrú kí ẹ tó fò ó. Ọwọ́ awakọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, nítorí náà ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó wọ omi.

Ọkọ̀ wo lẹ ń lò? Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè dá ìgbì ńlá fún àwọn tó ń fi pátákó kan ṣoṣo fò sókè. Wọ́n ní táǹkì tí wọ́n ń pọn omi sí kí ìdí ọkọ̀ lè rì. Ẹ má kọ́ ìsọdá lẹ́yìn irú rẹ̀ bí ẹ bá lè rí òmíràn. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà, kí wọ́n da omi táǹkì nù tán pátápátá. Ẹ wo iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ṣé ẹ mọ bí àwa ṣe ń lọ sí adágún: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, kúlà ńlá méjì, ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Gbogbo ẹrù yẹn ló ń tẹ ọkọ̀ sínú omi, ebè á sì ga sí i, àgàgà bí gbogbo wọn bá kó sẹ́yìn láti wá wò yín. Awakọ̀ àti ẹnì kan tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára yín ti tó. Kí àwọn yòókù dúró ti jọ̀lọ́ọ̀fù lórí ilẹ̀.

Ní ti eré ọkọ̀, ibẹ̀ ni èmi gan-an ti ṣì í. Bí ẹ̀rù bá ti bà mí, mo máa ń na àtàǹpàkò sísàlẹ̀ pé kí wọ́n dín eré kù. Bí wọ́n ṣe ń dín in kù ni ebè ń ga sí i, torí ọkọ̀ tí kò bá sáré tó máa ń rì nídìí, á wá máa tú omi bíi katakata tó ń kọ ebè. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi mọ ògiri tí mò ń sá fún. Fún àgbàlagbà tó ń lo síkíì méjì, nǹkan bíi kìlómítà 32 sí 40 ní wákàtí kan ló bójú mu. Ọmọdé tí kò tẹ̀wọ̀n kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí awakọ̀ máa fi kìlómítà méjì-méjì kún un, títí ẹ ó fi rí i pé ebè ti tẹ́ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín sì ṣì balẹ̀. Kó má kọjá ibẹ̀, torí omi kì í rọ̀ fún ẹni tó bá fi eré ṣubú lé e.

Okùn tí wọ́n sábà ń tà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 75, ìyẹn bíi mítà 23. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní ojú tí ẹ lè fi gé e kúrú. Ibi tí okùn bá gbé yín sí lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń sọ irú ebè tí ẹ ó bá pàdé: níbì kan á mú ṣóńṣó, níbòmíràn á tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tó bá ń sáré, kí ẹ fojú wá ibi tí ebè ti rọ̀ jù, kí ẹ wá fi gígùn okùn bá a mu. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn á ti da adágún rú, ẹ ò ní mọ ebè tó jẹ́ tiyín mọ́.

Ìṣubú ni ká kọ́kọ́ kọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàrin ara wa. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi "má dé etí odò" tọ́ dàgbà. Èmi tí mo dàgbà lẹ́bàá Èpẹ́, tí ọ̀sà ò jìnnà sílé wa, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí mò ń pariwo pé ẹ̀rù ebè ń bà mí, omi gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ebè kàn gba ẹ̀bi ni. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi síkíì sílẹ̀ ná. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó, kí ẹ di gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa, kí ẹnì kan wá fà á sókè léjìká yín. Bó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù, ẹ wá òmíràn. Ẹ wọ omi tó mu yín dé àyà, ẹ fẹ̀yìn lé e, ẹ jẹ́ kó gbé yín. Ẹ máa ṣe é títí ara yín á fi gbà pé òun ò ní rì. Ọjọ́ méjì ni mo lò lórí ìyẹn nìkan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà nítòsí tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dìde lórí síkíì kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú nínú poro, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹ fi ìdìmú sílẹ̀, ẹ jókòó sẹ́yìn bí ẹni ń jókòó lórí àpótí, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Iwájú nìkan ni kí ẹ má yàn. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni fífi okùn sílẹ̀. Ọwọ́ kì í fẹ́. Ẹ̀rù á máa sọ fún un pé okùn yẹn ni ìyè, bẹ́ẹ̀ okùn tí ẹ bá dì mú lẹ́yìn tí ẹ ti ṣubú ló ń wọ́ yín nínú omi tí imú fi ń kún. Ẹ kọ́ ọwọ́ pé bí ìdí bá ti kan omi, kó tú. Ẹ má sì wé okùn mọ́ ọwọ́ tàbí ìka láé, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ẹ bá yọrí jáde, ẹ so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lókè orí. Àmì pé ara yín le nìyẹn, òun ni ẹni tó ń wò yín nínú ọkọ̀ ń retí. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wà nítòsí, ẹ gbé síkíì kan sókè kúrò nínú omi kí wọ́n lè rí yín. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sún mọ́ ìdí ọkọ̀, kò sí àwíjàre kankan níbẹ̀. Àwọn àmì tó kù kò pọ̀: àtàǹpàkò sókè, ẹ fi eré kún un, àtàǹpàkò sísàlẹ̀, ẹ dín in kù, ọwọ́ tó ń fa ìlà lọ́rùn, ẹ dúró, ọwọ́ tó ń lu orí, ẹ gbé mi lọ sílé.

Minnesota tí mò ń gbé yìí ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Lake City, létí adágún Pepin, kò ju ìrìn wákàtí kan àti díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti Minneapolis. Níbẹ̀, ní 1922, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson fi pákó agbá dán an wò, ó rì. Ó fi síkíì orí yìnyín dán an wò, ó tún rì. Ó wá ra pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó se orí wọn nínú omi gbígbóná kí wọ́n lè tẹ̀ sókè. Ben ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Odindi ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú omi, kó tó di ọjọ́ 2 oṣù keje tó dúró. Kì í ṣe pé agbára rẹ̀ pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà. Ó fẹ̀yìn ni, ó sì jẹ́ kí ṣóńṣó síkíì yọ lókè omi. Bí ṣóńṣó síkíì tiyín bá ń rì nígbà tí ẹ bá dé ebè, ìka ẹsẹ̀ lẹ dúró lé. Ẹ kó ìwúwo yín padà sáàrin àtẹ́lẹsẹ̀.

Díẹ̀ lórí ilẹ̀

Ẹ so okùn mọ́ òpó, ẹ dì í mú. Ẹ lóṣòó díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí wọ́n wá fa àga sẹ́yìn mọ́ ọn lọ́wọ́, apá sọ̀ sísàlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra, ìdìmú ní ìbàdí, ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó ìbàdí. Kí ẹnì kan máa ṣàdédé tì yín léjìká. Bí orúnkún bá le, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú délẹ̀. Bó bá rọ̀, ẹ ó kàn mì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Nínú omi

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú poro. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì lẹ ó tẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sósì, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó máa ń rú èèyàn lójú lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ bí ẹ bá rò ó pé ńṣe lẹ ń fi ẹsẹ̀ kan ti ara yín lọ sí òdìkejì, á yé yín. Ẹ yọ̀ lọ dé ìdí ebè ọ̀tún, ẹ padà. Ẹ yọ̀ lọ dé ìdí ebè òsì, ẹ padà. Ẹ má gùn ún. Ẹ jẹ́ kí etí síkíì kàn án lásán kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ìrísí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ yín lọ́rùn ju èkejì lọ, ibẹ̀ sì lẹ ó ti sọdá.

Ká ní ọ̀tún ni. Ẹ kọ́kọ́ sún lọ sápá òsì poro kí ẹ lè rí àyè sáré. Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: ẹni tó fẹ́ sọdá sọ́tùn-ún á ti lọ lẹ̀ mọ́ ìdí ebè ọ̀tún, níbẹ̀ ni yóò ti máa gbìyànjú àtigùn ún, bí ẹni ń gun ògiri láìfi ẹsẹ̀ sáré. Kò sí eré níbẹ̀. Láti apá òsì, ẹ yan igi tàbí òrùlé kan létí omi lọ́wọ́ ọ̀tún, tó wà láàrin iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fojú sí i, kí ojú má kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ fi gbogbo ara fẹ̀ sí òdìkejì ọkọ̀ títí okùn á fi fà le. Ẹ mí síta. Mímí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: ẹni tó bá sé èémí, orúnkún rẹ̀ á le, kò ní mọ̀.

Bí ebè bá dé, ẹ ó mọ̀ ọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ìgbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá gun bọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kí orúnkún gbà á: kó tẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń gòkè, kó nà padà díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀. Ẹ má tú fífà náà sílẹ̀ lórí ṣóńṣó ebè. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn ti débẹ̀, tí wọ́n á sinmi, tí síkíì á tẹ́, tí ebè á sì dá wọn padà sínú poro ní ìdojúdé. Èmi máa ń kà á lẹ́nu, "ẹní, èjì." Ní "ẹní" mo ti dé orí rẹ̀. Ní "èjì" síkíì méjèèjì ti wà lórí omi òde. Kò sí "ẹ̀ta".

Bí ẹ bá ti bọ́ síta, ẹ dín fífẹ̀yìn kù díẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má sáré padà. Ẹ jẹ́ kí omi tó tẹ́jú yẹn mọ́ yín lára. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni okùn tó bá dẹ̀: bí ẹ bá sáré jù, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkọ̀ dọ́gba, okùn á sì sọ̀ sínú omi. Ẹ má fi apá fà á. Ẹ tẹ orúnkún sí i, ẹ na apá sọ́dọ̀ ọkọ̀, kí ó rọra gbà á padà. Bí okùn tó dẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jókòó sínú omi. Ẹ ti kọ́ ìyẹn.

Ẹ̀rù kejì ń bẹ lójú ọ̀nà àbọ̀, wọn kì í sì í sọ fúnni ṣáájú. Láti òde, ebè dojú kọ yín, ó dà bíi pé ó ga ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ọkọ̀ sì ń fẹ́ fà yín wọlé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa rọra fà yín, ẹ ó dé orí ebè láìní eré, ìtàn àkọ́kọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jìnnà sí ebè bíi mítà mẹ́ta, ẹ yan igi tiyín ní apá òsì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ ṣe bí ẹ ti ṣe nígbà tí ẹ ń jáde. Bí ẹ bá ti dé inú poro, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni ìsọdá kan tó pé, àtàjáde àtàbọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó dán ẹ̀gbẹ́ kejì wò.

Ẹ má kánjú sí ebè méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá tó àkókò, òde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọlé lórí ebè kìíní pẹ̀lú gbogbo ara, kí ẹ má sì jẹ́ kí poro tàn yín pé kí ẹ sinmi. Ebè kejì máa ń gbéni sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ torí eré ti pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí omi, ẹ má wo ìsàlẹ̀. Ìdìmú ní ìbàdí, orúnkún rọ̀, omi á tún pàdé yín.

Àwọn tó ń bá ara wọn díje nínú eré yìí ń fi síkíì kan ṣoṣo yí búì mẹ́fà ká, ìyẹn àmì tó ń léfòó lórí omi, ní ojú ọ̀nà tó gùn ní mítà 259, tí ọkọ̀ àwọn ọkùnrin ń sáré tó kìlómítà 58 ní wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 16 lọ. Láàrin búì kan sí èkejì, wọ́n ti sọdá ebè méjèèjì. Mo máa ń wò wọ́n lórí fóònù kí n tó sùn, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe bíi tiwọn. Ohun tí mò ń wò ni orí wọn: kì í mì, ojú wọn ò sì wo ebè rárá.

Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ gbọọrọ, kí eré rẹ̀ má yí padà. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ẹni tó wà lóde kọ́nà náà á máa sáré ju ọkọ̀ lọ, okùn ẹni tó wà nínú kọ́nà á sì dẹ̀. Ìkankan nínú méjèèjì kò dára fún ẹni tó ń kọ́ ìsọdá. Bó bá ṣubú, ẹ dín eré kù kí ẹ tó rọra yí padà lọ gbé e. Ẹ má fi eré yí po, torí ìgbì tí ẹ bá dá sílẹ̀ á lu etí adágún, á padà wá pàdé yín nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ fà á. Ẹ sì má kígbe ìmọ̀ràn mẹ́wàá sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́ẹ̀kan: "Orúnkún." Nígbà mìíràn: "Igi."

Bí itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ọwọ́ ò sì dì mú dáadáa mọ́, ó tó. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i" yẹn ni mo fi fi èjìká mi rọ́ lọ́dún náà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà nílé.

Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ni mo sọdá. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, àwa nìkan la wà lórí adágún. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, èkejì nítorí pé mo tún wo ìsàlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sún lọ sósì, mo wá òrùlé pupa kan létí omi lọ́wọ́ ọ̀tún, mo fẹ̀yìn. "Ẹní." Ẹsẹ̀ mi dún gbì, gbì. "Èjì." Mo bá ara mi lórí omi tó dán, ariwo ẹ́ńjìnnì ti jìnnà díẹ̀, ebè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì mi, ó sì kéré. Mo kígbe. Ẹ̀gbọ́n bojú wẹ̀yìn, ó nawọ́ sókè, ó ń sọ nǹkan tí mi ò gbọ́. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń tọ́ka sínú poro pé kí n padà wá.

Mo ṣì dúró wò ó ná.